Ká Pààrọ̀ Sítátà Ni, Àbí Ká Ra LED?

Ẹ tẹ súìṣì. Orí tíúbù fulọrẹ́sẹ́ńtì náà á pupa rẹ́súrẹ́sú lápá méjèèjì, á ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, á tún ṣẹ́jú, á dákẹ́, á ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kẹta, kó tó wá mọ́lẹ̀ kedere. Kó tó mọ́lẹ̀, àwọn ará ilé á ti dájọ́. Ẹnì kan á ní tíúbù ló gbó. Ẹlòmíràn á ní iná NEPA ló rọ̀. Láti 2013 ni ìjọba ti ta iṣẹ́ pínpín iná fún àwọn aládàáni, Eko Electricity Distribution Company ló sì gba ti Festac àti Amuwo-Odofin, àmọ́ NEPA, iléeṣẹ́ iná tìjọba ayé àtijọ́, la ṣì ń bú láti Mile 2 títí dé Alákijà. Ọmọ ilé tó ti ń gbowó oṣù á ní ká yọ gbogbo ẹ̀ dànù, ká ra LED.

Ẹjọ́ ọmọ yìí ni mo fẹ́ gbé sórí ìwọ̀n pẹ̀lú ti àwọn tó ń tún iná ṣe, torí pé ọ̀nà méjèèjì ló ní ọgbọ́n tiẹ̀, méjèèjì ló sì lè jẹ owó ẹni lásán bí a kò bá tíì mọ ohun tó ń dá iná náà dúró. Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí mo dúró sí kí n má baà máa fi ọ̀rọ̀ pa mọ́: sítátà, agolo kékeré ara fítíǹgì, yẹ ní pípààrọ̀ láìjáfara, tíúbù ṣeé pààrọ̀ bí ìyókù bá le koko, àmọ́ ọjọ́ tí ṣóòkù, irin wúwo tí wọ́n wé wáyà mọ́ nínú fítíǹgì, bá kú, kí fítíǹgì àtijọ́ bá a lọ.

Festac tí à ń sọ yìí jẹ́ ọmọ ìgbà fulọrẹ́sẹ́ńtì. Nítorí àjọ̀dún àṣà àwọn aláwọ̀ dúdú lágbàáyé, èyí tó wáyé láti ọjọ́ 15 oṣù Kínní sí ọjọ́ 12 oṣù Kejì ọdún 1977, ni ìjọba ológun ṣe kọ́ Festac Town. Lẹ́yìn tí àwọn àlejò lọ, wọ́n pín àwọn ilé náà fún àwọn ọmọ Nàìjíríà lábẹ́ àbójútó Federal Housing Authority. Ilé olówó pọ́ọ́kú ti Jákàńdè, gómìnà Èkó nígbà náà, ní Mile 2 tẹ̀ lé e láàárín 1979 sí 1983. Láyé ìgbà yẹn, ohun méjì ló wà fún ẹni tó fẹ́ iná sí pálọ̀: gílóòbù pupa 60 wáàtì tàbí 100 wáàtì tó ń gbóná lórí ẹni, tàbí fulọrẹ́sẹ́ńtì fíìtì mẹ́rin. General Electric ti ń ta fulọrẹ́sẹ́ńtì lọ́jà Amẹ́ríkà láti 1938, kò sì sí àríyànjiyàn nípa èyí tó dára jù nínú méjèèjì: 40 wáàtì tíúbù ń tanná tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti gílóòbù 100 wáàtì. Lónìí, ẹni tó bá kúrò ní ilé àtijọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ 1st Avenue, tó gba Apple Junction wọ àwọn ilé tuntun tó ní síìlì POP ní Amuwo, á rí i pé kò sí ibi tí wọ́n á so ṣóòkù kọ́ sí mọ́. Ìdí nìyẹn tí iná kan náà fi máa ń gba ìdájọ́ méjì lójúlé méjì tí kò jìnnà síra wọn.

Ká tó dá ẹjọ́, ká wo bí iná náà ṣe ń tàn. Kò sí ohun púpọ̀ nínú tíúbù: afẹ́fẹ́ ágọ́ọ̀nù díẹ̀, mẹ́kúrì tí kò ju ẹ̀kán lọ, àti ìyẹ̀fun funfun tí wọ́n fi ra ara gíláàsì nínú. Ìtànṣán tí mẹ́kúrì ń mú jáde kì í ṣe èyí tí ojú lè rí, ìyẹ̀fun yẹn ló ń sọ ọ́ di ìmọ́lẹ̀ fún wa. Ní orí kọ̀ọ̀kan tíúbù, wáyà wẹ́wẹ́ kan wà tó lọ́ pọ̀, wọ́n sì fi èròjà kan kùn ún tó ń jẹ́ kó rọrùn fún iná láti fò kúrò lára rẹ̀ bó bá ti gbóná. Bí wáyà yìí bá tutù, 230 fóòtì tó ń bọ̀ láti orí òpó kò lágbára tó láti la fíìtì mẹ́rin afẹ́fẹ́ kọjá.

Iṣẹ́ sítátà ni láti mú un gbóná. Inú agolo kékeré yẹn ní gíláàsì kan tí afẹ́fẹ́ wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ irin méjì tí kò fara kan ara wọn; irin oríṣi méjì ni wọ́n lẹ̀ pọ̀ di ọ̀kan nínú wọn, ó sì máa ń tẹ̀ bó bá gbóná. Bí ẹ bá tẹ súìṣì, iná á kọ́kọ́ tàn fẹ́ẹ́rẹ́ nínú sítátà, irin á gbóná, á tẹ̀, á fara kan èkejì. Lójú ẹsẹ̀ ni iná á gba inú wáyà orí tíúbù méjèèjì kọjá, ìyẹn ni pupa tí a kọ́kọ́ ń rí. Àmọ́ bí ẹsẹ̀ méjèèjì bá ti fara kan ara wọn, ìmọ́lẹ̀ inú sítátà ti kú nìyẹn, irin á tutù, á yà kúrò lára èkejì. Ìgbà yẹn gan-an ni ṣóòkù ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá ti dúró nínú mólúè rí nígbà tí dírẹ́bà tẹ bíréèkì lójijì á mọ ohun tí mò ń wí: iná tó ń ṣàn nínú wáyà bàbà tí wọ́n wé mọ́ irin ṣóòkù kì í gbà kí wọ́n dá òun dúró lẹ́ẹ̀kan, á ta jáde ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún fóòtì, títa yẹn ló sì ń la inú tíúbù já. Bó bá là á já, iṣẹ́ parí. Fóòtì tó kù láàárín orí tíúbù méjèèjì á wálẹ̀ dé nǹkan bí 100, èyí kò tó jí sítátà mọ́. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi lè yọ sítátà nígbà tí iná ń tàn tí iná kò sì ní kú. Bí kò bá là á já, gbogbo rẹ̀ á tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí iná bá ṣẹ́jú, ìgbìyànjú kan ló ṣẹ̀ṣẹ̀ kùnà yẹn.

Nítorí náà, ohun mẹ́rin ló sábà ń fa ìlọ́ra: sítátà, tíúbù, ṣóòkù, àti iná tó ń bọ̀ láti ìta. Sítátà ló kéré jù lówó, tíúbù ni ojú ń rí, ìyẹn ló fi jẹ́ pé tíúbù ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń kọ́kọ́ lọ rà. Òdìkejì ló yẹ. Ẹ yọ sítátà iná ilé ìdáná tó ń tàn láìjáfara, ẹ fi sí ti pálọ̀ tó ń lọ́ra, kí ẹ sì fi ti pálọ̀ sí ti ilé ìdáná. Bí pálọ̀ bá tàn kíá tí ilé ìdáná wá ń ṣẹ́jú, ẹ ti rí ọ̀daràn láìná kọ́bọ̀. Bí orí tíúbù bá kàn pọ́n síbẹ̀ tí kò ṣẹ́jú rárá, ẹsẹ̀ inú sítátà ti lẹ̀ mọ́ ara wọn. Ẹ yọ ọ́, tíúbù lè tàn bí ẹ ṣe ń yọ ọ́ gan-an, ìyẹn sì tó ẹ̀rí. Bí orí tíúbù bá ti dúdú kirikiri, tó ń tàn tó ń kú kódà lẹ́yìn tí ẹ fi sítátà tó dára sí i, èròjà tí wọ́n fi kun wáyà rẹ̀ ló ti jẹ tán. Tíúbù bẹ́ẹ̀ ti ṣe tirẹ̀.

Ẹ wo sítátà náà dáadáa nígbà tí ẹ bá ń rà á. Èyí tí wọ́n kọ 4–80 wáàtì tàbí 4–65 wáàtì sí lára ni ti fíìtì mẹ́rin. Èyí tí wọ́n kọ 4–22 wáàtì sí wà fún tíúbù kékeré méjì tí wọ́n so tẹ̀ léra lórí ṣóòkù kan. Bí ẹ bá fi ti kékeré sí fíìtì mẹ́rin, fóòtì tó wà lórí tíúbù tó ń tàn ṣì lè jí i, á sì máa dá iná lóró lẹ́yìn tó ti tàn. Ẹni tó ń tà á ní Agboju lè nawọ́ èyíkéyìí sí yín, kó ní, "Ẹ gbà, mọ́mì, ọ̀kan náà ni wọ́n." Wọn kì í ṣe ọ̀kan náà.

Ìgbálẹ̀ ńkọ́? Kò sí ilé tí wọn kì í ti fi igi ìgbálẹ̀ kan tíúbù kó lè tàn, ó sì máa ń tàn nígbà mìíràn. Kì í ṣe idán. Ẹsẹ̀ tíúbù kò dúró dáadáa nínú ihò rẹ̀ ni, tàbí bàbà inú ihò náà ti dípẹtà. Festac kò jìnnà sí odò, ọ̀rinrin kì í sì í mójú kúrò lára bàbà. Ẹ pa iná láti ibi fíúsì tàbí bíréékà, kì í ṣe láti súìṣì ògiri nìkan, torí àwọn oníṣẹ́ kan máa ń gba wáyà tí kò yẹ kọjá nínú súìṣì, iná á wá máa dúró de ọwọ́ yín nínú fítíǹgì tí ẹ rò pé ẹ ti pa. Ẹ yí tíúbù jáde, ẹ nu ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹ yí i padà. Bí ihò bá ti jóná, ihò ni kí ẹ pààrọ̀.

Ohun tó jẹ́ kí n ka ìlọ́ra sí ọ̀rọ̀ owó, tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìnira lásán, rèé. Bí tíúbù ṣe ń gbìyànjú láti tàn tó ń kùnà, bẹ́ẹ̀ ni èròjà orí rẹ̀ ń ṣí dànù. Àwọn tó ń ṣe tíúbù máa ń ka ọjọ́ orí rẹ̀ pẹ̀lú èrò pé bí a bá tàn án, á wà bẹ́ẹ̀ fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta kí a tó pa á. Ní ilé tí wọ́n ti ń mú iná lọ tí wọ́n ń mú un bọ̀ ní ìgbà mélòó kan lálẹ́, NEPA ló ń bá onílé tẹ súìṣì. Tíúbù tí ì bá lo ọdún púpọ̀ á dúdú lórí kíákíá láìjẹ́ pé ẹni tó ṣe é parọ́. Bí sítátà tó ti rẹ̀ bá wá kún un, tó ń gbìyànjú ìgbà márùn-ún kó tó ṣe iṣẹ́ ìgbà kan, nǹkan tí kò gbowó lórí ló ń pa èyí tó gbowó lórí. Ẹni tó ń ní "á tàn, ẹ fara balẹ̀" ń san owó tíúbù díẹ̀díẹ̀.

Àwọn ìwé òyìnbó tó kọ́ni ní àtúnṣe iná yìí máa ń dárúkọ òtútù: nígbà ọyẹ́ tiwọn, mẹ́kúrì kì í tètè di gáàsì nínú tíúbù tó wà níta. Ẹ gbàgbé ìyẹn ní Èkó. Ohun tó dípò òtútù níbí ni fóòtì tó wálẹ̀. Bí iná bá ti lọ sísàlẹ̀ nǹkan bí 180 fóòtì, ìmọ́lẹ̀ inú sítátà kò ní lágbára tó láti tẹ irin, ṣóòkù náà kò sì ní rí ohun gidi ta jáde. Àmì rẹ̀ kò ṣòro: fulọrẹ́sẹ́ńtì tó ń lọ́ra láago mẹ́jọ alẹ́, nígbà tí gbogbo àdúgbò tan fáànù, fíríìjì àti ẹ̀rọ amúlétutù, tó sì ń tàn kíá láago mẹ́ta òru tàbí nígbà tí ẹ bá tan jẹnẹrétọ̀, kò ní àìsàn kankan. Sítátà tuntun kò ní wo ohun tí kò ṣe é. Bí ilé yín bá ní fésì mẹ́ta, ẹ bi aládùúgbò tó wà lórí fésì mìíràn bóyá tiẹ̀ tàn. Ẹ bọ̀wọ̀ fún àmì kan o: bí iná yàrá kan bá ń kú lọ tí ti yàrá kejì ń mọ́lẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, tí fáànù sì ń sáré, wáyà níúùtírà ti já níbì kan, nǹkan abánáṣiṣẹ́ lè jóná láàárín ìṣẹ́jú. Ẹ pa gbogbo iná ilé, ẹ pe oníṣẹ́. Ọ̀rọ̀ tíúbù kọ́ nìyẹn mọ́.

Ṣóòkù yàtọ̀ sí iná ìta ní ti pé kì í wo aago. Bó bá ń kùn hùn-ùn ní gbogbo ìgbà, bó bá gbóná débi tí ọ̀dà fítíǹgì ń ṣí, bí òórùn ìjóná bá ń jáde, tàbí bí tíúbù tuntun bá dúdú lórí láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, òun ni. Wáyà inú rẹ̀ tó ti jóná mọ́ra ń jẹ́ kí iná kọjá ju bó ṣe yẹ lọ. Ibí ni mo ti yà kúrò lọ́dọ̀ àwọn oníṣẹ́ tó ń sọ pé ká ra ṣóòkù tuntun. Ṣóòkù àtijọ́ wúwo nítorí irin àti bàbà ni. Ìdí nìyẹn tí àwọn onírin kọ́ńdẹ́ẹ̀mù fi ń dunnú bí wọ́n bá rí i. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó wà lórí tábìlì báyìí fúyẹ́ lọ́wọ́, alumíníọ̀mù ló sì máa ń wà nínú àwọn mìíràn níbi tó yẹ kí bàbà wà. Ẹ ó sanwó rẹ̀, ẹ ó sanwó iṣẹ́, ẹ ó tún ra tíúbù tó ti bà jẹ́, ohun tí ẹ ó sì ní lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ ni iná tó ń jẹ 45 wáàtì. Ti fulọrẹ́sẹ́ńtì tó ń lo bálásìtì ẹlẹ́tíróníìkì dípò ṣóòkù, tí kò ní sítátà tí kì í sì í ṣẹ́jú, mi ò ní pẹ́ lórí rẹ̀: bó bá ti kú, ó kú pátá, ẹjọ́ rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti LED.

Ẹ jẹ́ ká wá gbé LED sí apá kejì ìwọ̀n. Àwọn ará Japan mẹ́ta, Isamu Akasaki, Hiroshi Amano àti Shuji Nakamura tó ti di ọmọ Amẹ́ríkà, gba ẹ̀bùn Nobel nínú físíìsì ní 2014 fún LED aláwọ̀ búlúù, torí láti ara búlúù yẹn ni wọ́n ti rí ìmọ́lẹ̀ funfun. Kò sí wáyà tó gbọ́dọ̀ gbóná, kò sí afẹ́fẹ́ tí iná gbọ́dọ̀ là já, nítorí náà kò sí ìdí tó fi máa lọ́ra. Èyí tó bá dára nínú wọn ń gba iná láti nǹkan bí 100 fóòtì sí 240, wọ́n á sì kọ ọ́ sí ara rẹ̀. Láago mẹ́jọ alẹ́ tí fulọrẹ́sẹ́ńtì ń ṣẹ́jú ìbànújẹ́, LED á ti tàn bíi pé NEPA kò ṣe nǹkan kan. Fún ilé tí fóòtì ti ń wálẹ̀ lójoojúmọ́, ìyẹn nìkan tó láti parí ẹjọ́.

Àmọ́ fulọrẹ́sẹ́ńtì ní ohun kan tí LED kò ní: ó ṣeé tú sọ́tọ̀. Ohun tó bà jẹ́ nìkan lẹ ó rà. Bí LED bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú tàbí tó ń tàn bàìbàì, ohun tó sábà ń ṣe é ni kàpásítọ̀ tó wà nínú ẹ̀rọ kékeré tó ń fún un níná, tàbí ọ̀kan nínú àwọn ẹyin LED tó ti jó. Àwọn ọmọ tó mọ iṣẹ́ ní ọjà Alaba lè tún un ṣe, ìyẹn bí ẹ bá ka owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀ sí nǹkan yẹpẹrẹ. Ìyókù wa ń jù ú nù lódindi ni. Ìwọ̀n wáàtì tí wọ́n kọ sí pálí LED ayédèrú pẹ̀lú kì í ṣe òótọ́ nígbà gbogbo, ooru inú fítíǹgì tó bò ó pa sì máa ń yára pa á. Ọ̀rọ̀ ìmọ́lẹ̀ náà wà níbẹ̀: tíúbù 36 wáàtì tuntun ń fúnni ní nǹkan bí 2,500 sí 3,300 lúmẹ́nì, nígbà tí ọ̀pọ̀ tíúbù LED 18 wáàtì ń fúnni ní nǹkan bí 1,800 sí 2,000. Ohun tó ń bò ó láṣìírí ni pé ìsàlẹ̀ ni LED dojú gbogbo tiẹ̀ kọ, kì í fi ìdajì tan síìlì tó ti dọ̀tí. Ọmọ tó ń kàwé lórí tábìlì kò ní mọ ìyàtọ̀. Ẹni tó ń ránṣọ nínú yàrá ńlá lè mọ̀ ọ́n.

Ká ṣírò owó rẹ̀. Tíúbù 36 wáàtì pẹ̀lú nǹkan bíi 9 wáàtì tí ṣóòkù ń sọ di ooru jẹ́ 45. Bó bá ń tàn fún wákàtí márùn-ún lálẹ́, ní ọgbọ̀n ọjọ́ á jẹ yúníìtì 6.75. LED 18 wáàtì á jẹ 2.7. Yúníìtì 4.05 ni ìyàtọ̀ wọn. Títí di oṣù Kẹta 2024, nígbà tí yúníìtì kan fún àwọn tó wà ní Band A, ìyẹn àwọn tí wọ́n ń fún níná wákàtí tó pọ̀ jù, jẹ́ nǹkan bí 68 náírà, ìyàtọ̀ yìí kò ju nǹkan bí 275 náírà lóṣù. Ní oṣù Kẹrin ọdún náà, wọ́n gbé e dé 225 náírà, wọ́n dín in kù díẹ̀ nínú oṣù Karùn-ún, ó sì padà di 209.50 nínú oṣù Keje. Ní iye yẹn, iná kan ṣoṣo ń gba nǹkan bí 850 náírà pamọ́ lóṣù, ó lé ní 10,000 náírà lọ́dún. Ilé tó ní fulọrẹ́sẹ́ńtì mẹ́rin, kó fi mẹ́rin lọ́nà rẹ̀. Owó iná tó gbẹ́nu sókè yìí ṣe ju gbogbo ìpolówó lọ láti gbèjà LED.

Bẹ́ẹ̀ sì ni ìṣirò yìí kò kan gbogbo èèyàn. Ilé tí kò ní mítà, tí wọ́n ń fi ojú díwọ̀n owó rẹ̀, kò ní rí kọ́bọ̀ nínú 850 náírà yẹn. Bó tan LED, bó tan fulọrẹ́sẹ́ńtì, iye tí wọ́n bá kọ ránṣẹ́ ló máa san. Àwọn tí kò sí lórí Band A ń san owó yúníìtì tó kéré jù, wọn kì í sì í rí iná wákàtí tó pọ̀ tó láti fi jẹ èrè náà. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tó ti ń gbé fáànù àti tẹlifíṣọ̀n kò ní fi 27 wáàtì tí ẹ yọ kúrò dín epo rẹ̀ kù débi tí ẹ ó fi mọ̀ ọ́n lápò. Ibi tí LED ti borí láìsí àní-àní ni ìdí ínfátà. Bátìrì 12 fóòtì, 100 Ah, tí ẹ bá lo ìdajì rẹ̀, ní 600 wáàtì-wákàtí. Fulọrẹ́sẹ́ńtì kan á jẹ ẹ́ tán ní nǹkan bíi wákàtí 13, LED á lò ó dé wákàtí 33, láìka ohun tí ínfátà fúnra rẹ̀ ń jẹ. Ínfátà olówó pọ́ọ́kú sì máa ń mú kí ṣóòkù kùn bí ẹ kò tiẹ̀ rí àìsàn kankan lára rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí kò sí lórí bílì. Mẹ́kúrì inú tíúbù kò pọ̀, ìwọ̀n mílígíráàmù díẹ̀ ni, àmọ́ májèlé ni, àwa sì mọ ibi tí tíúbù tó kú ń lọ: ẹ̀yìn ilé, tàbí inú ọkọ̀ akólẹ̀ níbi tó ti máa fọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Bí ọ̀kan bá fọ́ sínú yàrá, ẹ ṣí fèrèsé, ẹ kó àwọn ọmọ jáde, ẹ fi páálí gbá a jọ, ẹ fi àkísà tútù nu ìyókù, ẹ má fi ìgbálẹ̀ gbọn eruku rẹ̀ káàkiri. Àdéhùn Minamata lórí mẹ́kúrì, tí Nàìjíríà wà nínú rẹ̀, ti fẹnu kò ní ìpàdé Geneva nínú oṣù Kọkànlá 2023 pé kí ṣíṣe tíúbù fulọrẹ́sẹ́ńtì àti kíkó o láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn dópin tó bá di 2027. Ní Yúróòpù, láti oṣù Kẹjọ 2023 ni wọn kò ti gba kí wọ́n kó oríṣi tó wọ́pọ̀ jù wọ ọjà wọn mọ́. Ẹni tó bá ń ra ṣóòkù tuntun báyìí ń ra ìyàwó fún ọkọ tó ti ń di ẹrù.

Bí ẹ bá ti gbà láti pààrọ̀, ẹ ṣọ́ra fún ibi kan tí àwọn oníkánjú ti ń fi iná sílé. Oríṣi tíúbù LED méjì ló ń wọ inú fítíǹgì àtijọ́. Ọ̀kan ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú ṣóòkù níbẹ̀, ó sì máa ń bá sítátà tirẹ̀ wá, èyí tí kò ju fíúsì lọ. Sítátà àtijọ́ gbọ́dọ̀ jáde kí tirẹ̀ wọlé. Èkejì ń fẹ́ kí wọ́n yọ ṣóòkù àti sítátà kúrò pátá, kí wọ́n mú iná wá tààrà. Nínú èkejì yìí, àwọn kan ń gba láìfù àti níúùtírà ní orí kan náà, àwọn kan ń gba ọ̀kan ní orí kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá so èyí bí ìyẹn, bíréékà ló máa kọ́kọ́ fọhùn, bó bá wà. Ẹ ka àwòrán tó wà lára pálí. Kí oníṣẹ́ sì fi bírò kọ ọ́ sínú fítíǹgì pé ṣóòkù ti kúrò, kí ayálégbé tó ń bọ̀ lọ́jọ́ iwájú má baà ki tíúbù fulọrẹ́sẹ́ńtì bọ inú rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ilé onílé, ẹ sọ fún un kí ẹ tó tú fítíǹgì rẹ̀, ẹ sì kó ṣóòkù tó bá ṣì dára pamọ́ fún un.

Pálọ̀, ilé ìdáná àti yàrá tí ínfátà ń gbé, mo fún LED. Iná gbọ̀ngàn tí ṣóòkù rẹ̀ ṣì tutù tó sì dákẹ́, ẹ fún un ní sítátà tuntun, ẹ fi sílẹ̀ títí tíúbù rẹ̀ á fi jó tán. Iná tí wọ́n ń tàn tí wọ́n ń pa nígbà gbogbo, bíi ti balùwẹ̀, ẹ gbà á lọ́wọ́ fulọrẹ́sẹ́ńtì lónìí, torí títàn yẹn gan-an ló ń pa á.

Ibi kan ṣoṣo tí mo ti máa gbèjà fulọrẹ́sẹ́ńtì tó ń lọ́ra ni orí àtẹ̀gùn àwọn ilé alájà. Wọ́n ń tàn án ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n ń pa á láàárọ̀, kò sí ẹni tó ń sáré dé ibẹ̀ tí kò lè dúró de ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta. Mítà ẹnì kan ló ń gbé e, ẹni náà sì ti ń bínú lórí bílì, mo gbà. Àmọ́ gílóòbù LED orí àtẹ̀gùn kì í pẹ́ kó tó ní ẹsẹ̀, nítorí inú ihò gílóòbù ilé èyíkéyìí ló lè wọ̀. Ẹni tó máa jí tíúbù fíìtì mẹ́rin gbé ní láti gbé e sọ̀ kalẹ̀ lójú gbogbo ará ilé.